Gèlè Orí Misi

"Tú u," ni Misi, òyìnbó obìnrin tó ni wá lẹ́rú, wí. "Orí tèmi ni kó o wé e sí."

Yaba, ẹrúbìnrin ẹ̀, ò mira. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ti fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ sí gèlè yẹn títí tó fi le bíi pákó. Bí ẹyẹ bá bà lé e, ẹsẹ̀ ẹ̀ á kán. Mi ò parọ́.

Lọ́dọ̀ wa ní Suriname, ọ̀rọ̀ làwọn obìnrin wa ń fi gèlè sọ. Bí wọ́n ṣe wé e lẹ máa fi mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Èyí tí Yaba wé lọ́jọ́ náà ń jẹ́ Dúró-dè-mí-ní-kọ̀rọ̀, èmi Kodyo ló sì wé e fún, èmi tí mo máa ń wakọ̀ débi tí òòyì á fi kọ́ ẹja.

Wọ́n ti ta Amba, ọmọ Yaba, fún òyìnbó kan nísàlẹ̀ odò. Ọ̀la ni wọ́n máa wá mú un. Àdéhùn wa ni pé bí mo bá rí gèlè yẹn lébùúté, kí n gbé ọkọ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ odò, kí n gbé tìyá tọmọ lọ bá àwọn èèyàn wa tó ti sá wọgbó. Bí mi ò bá rí i, kí n jókòó jẹ́ẹ́. Àmọ́ láti àárọ̀, Misi ò jẹ́ kó yọjú síta.

Yaba tú gèlè. Ó lè wé òmíràn fún Misi. Kò wé òmíràn, èyí náà ló wé sí i lórí.

Èmi wà lébùúté. Ìkùukùu ti bo odò, ó funfun bíi wàrà, ọkọ̀ àtigi ń léfòó nínú ẹ̀. Ni Misi bá yọ. Mi ò rí ẹsẹ̀ ẹ̀, àfi aṣọ funfun tó ń bọ̀ bí ẹni wà lójú àlá, àti gèlè lórí ẹ̀ tó ń sọ fún mi pé kí n dúró de òun ní kọ̀rọ̀.

Orí mi wú. Mo mọ̀ pé mo lẹ́wà, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ó ti dójú ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rí etí òsì gèlè náà tó tẹ̀ wálẹ̀. Yaba nìkan ló ń wé e bẹ́ẹ̀. Mo máa ń yọ ọ́ lẹ́nu pé gèlè ẹ̀ ń sùn, á ní ariwo ẹnu mi ló dá a lágara.

"Kodyo, ṣé ó yẹ mí?"

"Ó yẹ yín, Misi. Mo ti gbọ́."

"Kí lo gbọ́?"

"Mo gbọ́ pé ẹ dára."

Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sínú ìkùukùu.

Nírọ̀lẹ́, Yaba bá mi ní kọ̀rọ̀ odò, Amba ń sùn lẹ́yìn ẹ̀. Orí ẹ̀ wà lásán. Mi ò rí irun ẹ̀ rí láyé mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ ìwúrí jọ dè é, gbogbo ẹ̀ sá lọ. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo nà á sí i. Ó wé e sórí, ó tẹ etí òsì wálẹ̀.

"Kí lèyí ń jẹ́?" mo bi í.

"Panu-mọ́-kó-o-wakọ̀."

Mo panu mọ́. Mo wakọ̀.