Bọ́ọ̀lù Ẹnu Rédíò

Onígbàjámọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Rédíò, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bó bá ti tan kílípà báyìí, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ta ló fẹ́ ta, ta ló lé ìyàwó jáde, ta ló ń sanra. Àwọn oníbàárà a máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dùn ún. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń gẹ́run, kò sì sí ẹni tó yin ọwọ́ rẹ̀ rí. Ẹnu nìkan ni wọ́n ń yìn.

Ìdí nìyẹn tó fi lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pidán lórí ìtàgé láìsọ̀rọ̀, kó tó di pé orúnkún ní kó lọ jókòó. Ilé ìtàgé tó wà nítòsí ń wá onídán kan ṣoṣo tí kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbi ìdánwò, ó fìdí rẹmi nìyẹn.

"Ìwọ kẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Ó kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń há bọ́ọ̀lù pupa kékeré mọ́ àtẹ́lẹwọ́, tí ọwọ́ á dà bíi pé òfìfo ni. Rédíò wá ń fi àwọn oníbàárà dánra wò. Bàbá kan gẹ́run tán, ó délé, ìyàwó rẹ̀ bá bọ́ọ̀lù méjì nínú kọ́là rẹ̀. Ìjà ọjọ́ náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.

Ọwọ́ ń yá sí i. Ẹnu ló kọ̀. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti pòórá, Rédíò á ní, "Ẹ ò rí nǹkan!" Nígbà tó sú Ẹ̀gbọ́n, ó ní, "Ẹnu yẹn gan-an ni kó o máa fi bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn pa mọ́ sí. Á dí i. Kẹ́nikẹ́ni má ṣáà rí i nígbà tó ń wọlé."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gá ilé ìtàgé, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, jókòó síwájú pẹ̀lú ife tíì rẹ̀. Àwọn oníbàárà Rédíò kún ẹ̀yìn. Bọ́ọ̀lù di méjì, ó di mẹ́ta, ó padà di ọ̀kan, ó di àwátì. Rédíò tẹ́ ọwọ́ méjèèjì: òfìfo!

Inú bàbá tó ní kọ́là ọjọ́sí dùn débi pé ó nàró, ó kígbe: "Rédíò, o kú iṣẹ́ o!"

Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí ò ní dáhùn? Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni Rédíò.

"Òo!"

Bọ́ọ̀lù fò jáde lẹ́nu rẹ̀, ó já sínú ife ọ̀gá. Tíì ta sí i nímú. Gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́; wọ́n rò pé bó ṣe yẹ kó parí nìyẹn.

"Ó sọ̀rọ̀," ni ọ̀gá wí.

Ìyàwó Rédíò dìde fùú. "Mà, òo kì í ṣe ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni, ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀."

Ọ̀gá ronú títí, kò rí ìtumọ̀ kankan. Ó nu imú. Ó wo ife, ó wo ọwọ́ Rédíò. "Ọwọ́ wo lẹ fi jù ú sẹ́nu? Mi ò mójú kúrò lára ọwọ́ yín, síbẹ̀ mi ò rí i."

Láti ọdún méjìlélógún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnìkan béèrè ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Rédíò la ẹnu láti dáhùn. Ó pa á dé. Ó tún là á. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde.

"Ẹ wò ó o!" Ẹ̀gbọ́n pariwo látẹ̀yìn. "Ó ti dákẹ́!"