Ẹni Tí Ṣíbí Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

"Àǹtí, Jẹ́jẹ́ nawọ́!"

Gbogbo kíláàsì yíjú sẹ́yìn. Òótọ́ ni. Jẹ́jẹ́, ọmọbìnrin tó jẹ́ pé orí ló máa ń mì tí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, ló nawọ́ sókè pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Àyà tíṣà já. Ọjọ́ tó ti ń retí látìgbà tí wọ́n ti wọlé ni, àfi bó ṣe wá jẹ́ òní ló máa bọ́ sí.

Láàárọ̀ ni bàbá ọmọ náà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ìyá Jẹ́jẹ́ ti kú sí ọsibítù.

"Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ẹ má tíì sọ fún un," ni ọkùnrin náà ń bẹ̀. "Tí mo bá wá mú un, èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́."

Ṣíbí onígi kan wà lórí tábìlì. Òfin kíláàsì ni pé ẹni tí ṣíbí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, kí àwọn tó kù panu mọ́ títí yóò fi parí. Kí tíṣà tó rí ẹlòmíì pè, Jẹ́jẹ́ ti mú un.

"Màmá mi ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ẹtì. Àǹtí ní kí n máa fi ọ̀rọ̀ sísọ dánra wò, kí màmá mi lè gbọ́ ọ tí wọ́n bá dé. Mo ti mọ̀ ọ́n sọ báyìí."

Àtẹ́wọ́ sọ. Tíṣà náà pàtẹ́wọ́, kí ló tún fẹ́ ṣe? Ẹnu òun náà ló fi ṣèlérí yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó kọjú sí pátákó, ó ń nu ibi tí wọn ò kọ nǹkan kan sí.

"Àǹtí, ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?"

"O sọ ọ́ dáadáa gan-an, ọmọ mi."

Nígbà tí àwọn ọmọ tó kù jáde tán, bàbá yọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ojú rẹ̀ ti wú. Jẹ́jẹ́ sáré bá a pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Bàbá ń wo tíṣà bí ẹni tó ń tọrọ ìrànlọ́wọ́.

"Ẹ gbà, Dádì." Ọmọ náà ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ó kàn yín. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ̀rù ba èmi náà tẹ́lẹ̀. A ò ní dá ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu."

Tíṣà ti ilẹ̀kùn. Ó fa àga àwọn ọmọdé kan fún bàbá, ó jókòó sórí òmíràn, ó gbé Jẹ́jẹ́ lé itan, ó dì í mú, ó sì panu mọ́ bí òfin ṣe wí.