Ínṣì Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n

Ọjọ́ tí káàdì àwọn oníwádìí dé ni ọkọ aránṣọ da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí.

"Bàbá wọn, kí lẹ ń ṣe yẹn?" Ẹsẹ̀ aránṣọ kò kúrò lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò lára aṣọ.

"Mo ti bọ́ lóko ẹrú." Ọkọ na káàdì sí i. Káàdì náà le, ó ń dán, wọ́n tẹ àwòrán ọkàn pupa sí igun rẹ̀. "Kà á. Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogún ọdún nìyẹn, Ìyá wọn! Wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó ṣe mí."

Aránṣọ gbà á, kò ka iwájú rẹ̀. Ohun tó bá ti ń dán máa ń fu ú lára. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ dídán wá, ẹ̀yìn aṣọ náà ló kọ́kọ́ máa ń yí wò, kó lè rí bí wọ́n ṣe hun ún.

Ọdún kan sẹ́yìn ni àwọn oníwádìí kọ́kọ́ dé ilé iṣẹ́ pákó tí ọkọ rẹ̀ ti ń la igi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó ń fa àrùn ọkàn fún àwọn òṣìṣẹ́ àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀. Wọ́n béèrè bóyá ó ń mu sìgá, wọ́n béèrè bí iyọ̀ ṣe ń pọ̀ tó nínú oúnjẹ rẹ̀ àti wákàtí tó fi ń sùn, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí oúnjẹ àti eré ìdárayá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá lọ́jọ́ náà. Nígbà tó rí ọgọ́sàn-án lórí àádọ́fà, ó pariwo, ó fa ọkùnrin náà lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Bí oògùn ṣe wọlé nìyẹn. Láti ìgbà náà ni ọkọ aránṣọ ti ń bá oògùn jà, nítorí oògùn náà ń jẹ́ kó máa tọ̀ ṣáá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ̀yìnkùlé.

"Ṣé nọ́ọ̀sì àgbà yẹn náà ló wọ̀n yín lọ́tẹ̀ yìí?"

"Rárá o. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, ẹnu rẹ̀ kì í padé. Ó so nǹkan mọ́ mi lápá, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní kí n tọwọ́ bọ̀wé."

"Ẹ̀rọ yẹn dún?"

"Ṣé agogo ni? Mo ní ó so ó mọ́ mi lápá!"

Aránṣọ yí káàdì padà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìbàdí, ínṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ta ló wọn ìbàdí yín?"

Ọkọ rò ó. "Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n."

"Mọ́kànlélógójì ni yín. Èmi ni mo rán ṣòkòtò tó wà nídìí yín yẹn. Bí wọ́n bá rán mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fún yín, itan yín ló máa há sí."

"Wọ́n ṣì í kọ ni. Ìwọ náà ò ṣi aṣọ gé rí? Àwọn èèyàn yìí mọ̀wé ju èmi àtìwọ lọ."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

"Àbí ṣe lo fẹ́ kí n máa ṣàìsàn?" ni ọkọ bi í, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

Aránṣọ ṣa oògùn náà nínú ìdọ̀tí, ó nu páálí rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì níbi tí ojú ọkọ rẹ̀ yóò ti máa tó o láràárọ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́fà ni ọkùnrin náà fi jẹun lórí tábìlì yẹn tí kò wo apá ibẹ̀.

Láàárín ọjọ́ mẹ́fà náà, aránṣọ kò jókòó lásán. Òun ló ń rán ṣòkòtò iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó wà nílé iṣẹ́ pákó, ìwọ̀n gbogbo wọn sì wà nínú ìwé rẹ̀ kan tó ti gbó, tó fi òwú dì. Bí ìyàwó kan bá wá gba aṣọ, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú káàdì ọkọ yín wá." Ó rí mẹ́fà gbà; pẹ̀lú ti ọkọ rẹ̀, ó di méje. Nínú méjèèje, kò sí ìbàdí tó kọjá ínṣì márùndínlógójì, kò sì sí èyí tó dín ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹni tí bẹ́líìtì kì í dúró nídìí rẹ̀, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Oníkùn, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, òun náà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ìyàwó Oníkùn wo káàdì ọkọ rẹ̀ títí. "Ṣé ọkọ mi lódindi ni wọ́n wọ̀n ni, àbí itan rẹ̀ kan?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ aránṣọ ti ń wo ibi tí wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ sí. Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Méjèèje.

Ní Ọjọ́rú, ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gba ọ́fíìsì àwọn oníwádìí lọ. Àwòrán èso àti ewébẹ̀ ló kún ara ògiri níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi kan àtàrí kí Ọ̀mọ̀wé, olórí àwọn oníwádìí, tó ní kó wọlé. Ohùn ọkùnrin náà rọ̀ bí òwú. Ó kí i dáadáa, ó bi í léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Aránṣọ ń wò ó bí ẹni ń wo aṣọ tí wọ́n ní kò ní ṣí.

"Màmá, ìwádìí ńlá ni èyí," ni Ọ̀mọ̀wé wí nígbà tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Àpapọ̀ wọn là ń wò, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe kéékèèké kò lè ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́."

"Ọkọ mi kì í ṣe àpapọ̀, ọ̀gá. Ó ti da oògùn nù nítorí káàdì yín."

Ó tú òwú ìwé rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú ọkùnrin náà, ó to káàdì méjèèje sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé fi ìka tọ ìlà náà sísàlẹ̀. Ó dé orí Oníkùn, mẹ́rìnlélógójì nínú ìwé, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú káàdì. Ìka rẹ̀ dúró.

Kò béèrè bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò pe Ẹlẹ́rìn-ín. Ohun tó béèrè ni, "Ta ló rán yín wá?"

Ibẹ̀ ni aránṣọ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí Ọ̀mọ̀wé.

"Téèpù mi ló rán mi wá."

Ọ̀mọ̀wé dìde, ó pa ìlẹ̀kùn dé. "Màmá, ẹ gbọ́ mi yé. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ti bàjẹ́ tán, ó ku méjì. Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí fún wa ń bọ̀ wá gba àbájáde lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ajé, màá fi nọ́ọ̀sì àgbà ránṣẹ́ kó tún gbogbo wọn wọ̀n. Ẹ má tíì dẹ́rù ba àwọn òṣìṣẹ́." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń kó àwọn káàdì náà jọ. "Ẹ jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí wà lọ́wọ́ mi, kí n fi ṣàyẹ̀wò."

Aránṣọ já káàdì ọkọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá ìwé rẹ̀ mọ́ àyà, ó jáde. Mẹ́fà tó kù, kò tún fojú kàn wọ́n mọ́.

Kò lọ sílé. Ilé iṣẹ́ pákó ló forí lé. Àti ìkóríta ni èèyàn ti máa ń gbọ́ ariwo ayùn níbẹ̀, kódà èèyàn gbọ́dọ̀ pariwo kí ẹnì kejì tó gbọ́ ọ. Ó dé ìkóríta, kò gbọ́ nǹkan kan. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Wọ́n tẹ́ ọkọ rẹ̀ sórí ìyẹ̀fun igi, Oníkùn gbé orí rẹ̀ lé itan. Ẹnu ọkùnrin náà ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá ọ̀tún rẹ̀ wà nílẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Láti àárọ̀ ló ti ń sọ pé orí ń fọ́ òun," ni Oníkùn ń wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "A ní kó lọ sinmi, Ìyá wọn. Ó ní àwọn oníwádìí ní kò sí nǹkan tó ṣe òun."

Ilé ìwòsàn ní rọpárọsẹ̀ ni. Aránṣọ gbé káàdì àti ìwé rẹ̀ kiri lẹ́yìn náà. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ pákó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa ìwọ̀n. Àwọn tó wà lókè Ọ̀mọ̀wé ní ìwé aránṣọ kì í ṣe ẹ̀rí. Nọ́ọ̀sì àgbà kò wá lọ́jọ́ Ajé, kò wá lọ́jọ́ Ajé mìíràn. Ìgbà tó béèrè Ẹlẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti wà níbi tí wọ́n ti ń wádìí àtọ̀gbẹ.

Oṣù mẹ́sàn-án kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì, ohùn kan sì jáde nínú rẹ̀ tó rọ̀ bí òwú. Ó ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ pákó ti so èso: ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀, ìbàdí wọn ti dín kù, àwọn ìlú mìíràn sì ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ṣe irú rẹ̀.

Ọkọ aránṣọ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó fi ọwọ́ òsì di ṣòkòtò rẹ̀ mú, nítorí ṣòkòtò náà kò dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Aránṣọ pa rédíò. Ó gbé ọkọ rẹ̀ dìde, ó fi èjìká rẹ̀ tì í, ó sì ta téèpù yí i ká.

"Mé... mélòó?" ni ọkùnrin náà béèrè, ahọ́n rẹ̀ wúwo.

Aránṣọ wo téèpù. Ó tú u, ó tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà ó gbé ọkọ rẹ̀ jókòó, ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tó kọ ìwọ̀n ọkùnrin náà sí, ó fagi lé mọ́kànlélógójì.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," ló wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.