Ọ̀mì Tòún

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Olúsànyà ti gbàgbé pátápátá, àbí kí ló dé tó tún fi ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ ayò ṣẹ́ẹ̀sì yẹn bá Tòún ta ayò, tó sì ń rẹ́rìn-ín?

Tòún tó ń tún fóònù ṣe n'Ígàndó ló ronú ọ̀nà náà jáde. Ọdún méjì gbáko ni òun àti Olúsànyà ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi jọ ta ṣẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí Tòún ń kọ́ ọ bí ẹṣin ṣe ń jáde kí ayaba tó rìn. Àfi bí Olúsànyà ṣe gbé ọ̀nà náà lọ sí ìdíje n'Íbàdàn, tó fi gba ife, tó ní òun lòun dá a sílẹ̀. Gbogbo oníṣẹ́ẹ̀sì wá ń pè é ní Ọ̀nà Olúsànyà. Nígbà tí Tòún bá a wí, ó ní kó lọ máa tún fóònù rẹ̀ ṣe jàre. Ọ̀rọ̀ náà dun Tòún wọ egungun, ó sì búra pé òun á gbẹ̀san.

Wọ́n tún pàdé nínú ìdíje Ẹ̀gbẹ́dá, ayò tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá na èkejì ló máa gba ife, òun náà ló máa ṣojú Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, Abdulganiyy tó ti parí tirẹ̀, tí àmì rẹ̀ á wá ju tiwọn lọ, ló máa gba ife.

Nígbà tó di ìgbésẹ̀ kejìlá, Tòún rí ihò tó mọ̀ pé ó wà nínú ọ̀nà náà, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Kó ṣáà ti póònù kan, ọmọ ogun kékeré, síwájú, ọba Olúsànyà kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá tì í, olè yìí náà á rí ibi tó ń jò, á sì dí i.

Ó ní kò ní ṣẹlẹ̀ láé. Ó gbé ayaba, ó fi lé ọba Olúsànyà, ó ní ṣẹ́ẹ̀kì. Ọba sá lọ, ṣẹ́ẹ̀kì. Ọba sá padà, ṣẹ́ẹ̀kì. Wọ́n dé ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀mì sì nìyẹn lábẹ́ òfin, adájọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Olúsànyà bi í bóyá orí rẹ̀ pé, ṣebí Tòún fúnra rẹ̀ náà ti pàdánù ife.

Tòún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó rọra sọ fún un pé: "Ní ìgbésẹ̀ kejìlá, ọwọ́ mi lo wà, mo kàn fi ẹ́ sílẹ̀ ni. Ihò wà nínú ọ̀nà tó o jí. Mi ò ní sọ ibi tó wà fún ẹ. Máa ta á lọ."

Olúsànyà sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, ó ń bẹ̀ ẹ́.

"Tòún, jọ̀ọ́. Ibo ni?"

Ó ti pẹ́ tí inú Tòún ti dùn tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.