Omi Tó Gbaná

Irọ́ máa ń wọ kóòtù nígbà mìíràn, á tún so táì mọ́ ọn. Irú rẹ̀ ni ìwé tí Ṣọládé kọ nípa bàbá rẹ̀, olóògbé Elkanah Ṣóbọ̀wálé, tó dá ṣọ́ọ̀ṣì Ajégúnlẹ̀ sílẹ̀ létí Odò Ògùn. Gbàgádà ni Ṣọládé ń gbé. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lọ́dún 2006, ó gbé ìwé náà wá kí ìjọ bá a fi lọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, jókòó níwájú, ó ń gbọ́ bó ṣe ń kà á, ó ń yínmú.

Ìwé náà ní, láyé òyìnbó, nígbà tí ìjọba fòfin de ògógóró, ọlọ́pàá já lu Elkanah nínú igbó ògùrọ̀. Elkanah kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, àgbá ọtí mẹ́ta sì di omi. Ìjọ kígbe halelúyà. Elkanah tó ń sá fún ọ̀pọ̀lọ́! Màmá pòṣé.

Oṣù tó ṣáájú ló bẹ Ṣọládé pé kó fi ìlà kan ṣoṣo kún ìwé náà, pé òun náà wà níbẹ̀.

“Mummy, ìwé Daddy nìyí,” ni Ṣọládé fèsì. “Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ìwé.”

Ọ̀rọ̀ náà dun màmá wọ egungun. Ọgọ́ta ọdún ló fi bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí, ọpẹ́ ẹ̀yìn ìwé wá ni èrè rẹ̀.

Nígbà tí Ṣọládé kà á tán, pásítọ̀ gbé máìkì fún màmá. “Mummy, ẹ̀yin nìkan lẹ kù nínú àwọn tó mọ Daddy láyé ọjọ́un. Ẹ wá jẹ́rìí sí iṣẹ́ ìyanu yìí.”

Màmá dìde. “Ọlọ́pàá ṣáná sí omi tí ẹ̀ ń wí yẹn,” ó ní. “Ó gbaná, ó ń jó bíi sitóòfù. Elkanah ti sá sínú eèsún etí odò, omi dé e lọ́rùn. Mo ní èmi ni mo ni ọtí, torí mo rò pé wọn ò ní mú aláboyún. Wọ́n mú mi. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ṣẹ̀wọ̀n, kò yọjú sí mi lẹ́ẹ̀kan.”

Ṣọládé fẹ̀rín bò ó. “Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará. Mummy ti dàgbà, wọn ò rántí nǹkan dáadáa mọ́.”

Màmá wò ó látòkè délẹ̀. “Ìwọ tó ń kọ history, níbo ni wọ́n bí ọ sí?”

“Hospital ni, Mummy. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Daddy ni.”

“Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo bí ọ sí. Wọ́dà ló gé ìwọ́ rẹ.”

Ó gbé máìkì lé e lọ́wọ́, ó sì padà lọ jókòó.