Ojú Tó Mọ Epo Nínú Òkúta

Ẹ kúkú ti fura, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀: ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n Láoyè ń kú lọ. Àgbàlagbà tó ń fọwọ́ wá etí àga kó tó jókòó, tó wá ní àga ló kéré, kí la tún ń wádìí?

Ojú yìí kì í sì í ṣe ojú lásán. Nígbà tó wà ní yunifásítì, bí wọ́n bá wú òkúta jáde nínú ilẹ̀, ojú yìí ni wọ́n ń gbé e wá fún. Á bojú wo maikirosíkóòpù, á ní, "Epo rọ̀bì wà níbẹ̀," epo á sì wà níbẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì sí abúlé Ìrókò, ó gbé maikirosíkóòpù tirẹ̀ sí pálọ̀, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé tẹlifíṣọ̀n sí, kí àlejò kankan má baà pè é ní àgbẹ̀.

Dókítà ti sọ pé èyí tó lọ nínú ojú náà kò ní padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, èyí tó kù kò ní lọ. Morónikẹ́, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí.

"Ojú tí ń wo nǹkan ni ojú yìí," ni Láoyè ń wí. "Wọn kì í wò ó."

"Bàbá Tìmílẹ́hìn, ata lẹ bù sínú tíì láàárọ̀ yìí."

"Bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ó wá ṣe, Fọlájìmí, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, tó ti di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń yẹ òkúta wò, ránṣẹ́ pé òun ń mú òkúta kan bọ̀ láti ọ̀nà Warri, kí olùkọ́ òun bá òun wò ó. Inú Láoyè dùn bí ẹni tó joyè. Ó bá ìyàwó rẹ̀ ṣàdéhùn: bí òun bá rí ohun tó wà nínú òkúta náà, kò gbọdọ̀ dárúkọ ọsibítù mọ́ láé. Bí òun kò bá rí i, òun yóò bá a lọ.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò wá fáànù. Fọlájìmí dọ̀bálẹ̀, ó fi òkúta sábẹ́ ẹ̀rọ. Láoyè ní kí wọ́n fa kọ́tìnì bo fèrèsé, nítorí inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń wo epo: bí iná àlùkò inú ẹ̀rọ bá tàn sí i, á máa kọ mọ̀nà bíi wúrà. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnnì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà..."

"Fọlájìmí, ṣé o fẹ́ kọ́ mi ni?"

"Bàbá Tìmílẹ́hìn," ni Morónikẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ náà, dákẹ́. A ti ṣàdéhùn."

Òkùnkùn biribiri ló rí. Àyà rẹ̀ já, àmọ́ òkùnkùn kì í tún ṣe àlejò rẹ̀ mọ́. Ó rántí gbogbo òkúta tó ti wò rí, ó sì gbóhùn sókè:

"Háà! Epo rèé! Ó ń tàn bí oòrùn àárọ̀ lórí ewé kókò. Apá ọ̀tún ló ti pọ̀ jù. Wá wò ó!"

Fọlájìmí kò dìde. "Ẹ ṣeun, sà," ló wí.

Láoyè yíjú síbi tó rò pé ìyàwó rẹ̀ wà. "Ṣé o gbọ́? Ọ̀rọ̀ ọsibítù ti tán."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Morónikẹ́ wà. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Bàbá Tìmílẹ́hìn, wọ́n ti mú iná lọ kí Fọlájìmí tó dé."