Ààlè Mọ́kànlá

Nígbà tí ìròyìn dé Òkè-Bùkún pé wọ́n ti hú gbogbo igi àtà tó wà lápá Iffe, tí wọ́n kó gbòǹgbò wọn sínú lọ́rì lọ tà fún àwọn oníṣòwò orín nílùú ńlá, àyà Ọ̀ṣunbíyìí já. Kì í ṣe nítorí orín. Nítorí Fúnmi ni, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí egungun máa ń ro bíi pé wọ́n ń gún un lódó. Bí ìrora náà bá le tán, ọmọ náà kì í lè sunkún mọ́, yóò kàn máa mí ni. Oògùn òyìnbó tí wọ́n rà fún un kò ràn án. Àgbo gbòǹgbò àtà nìkan ló ń mú ara rẹ̀ balẹ̀.

Igi àtà méjìlá ló kù lẹ́bàá òkè, nínú igbó tí ìjọba ti fòfin dè. Ọ̀ṣunbíyìí mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti máa hú u: gbòǹgbò kan ṣoṣo, níhà ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí a dá iyẹ̀pẹ̀ padà, kí a fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí a má sì padà sídìí igi yẹn títí òjò ọdún méjì yóò fi rọ̀ kọjá. Òfin kò kúkú gbà á láyè kí ó hú ẹyọ kan, ṣùgbọ́n Jethro aṣọ́gbó máa ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọ̀kan nínú àwọn olówò orín náà wá bá a nílé. Oyèbánjí lorúkọ rẹ̀, ó wọ bàtà tó ń dán, ó sì gbé iyọ̀ lọ́wọ́.

"Ìyé, okun o," ó kí i bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kí ìyá àgbà. "Ẹ kàn júwe ibi tí àtà wà fún mi."

"Èmi ò mọ igi kankan," Ọ̀ṣunbíyìí dá a lóhùn.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi iyọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ. Ọ̀ṣunbíyìí kò fọwọ́ kan iyọ̀ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó fa ìró kíjìpá kan tó ti gbó ya, èyí tí òun fúnra rẹ̀ hun. Ó so ẹ̀já aṣọ kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ ṣúkù àgbàdo, ó sì fi wọ́n pààlè sára àwọn igi náà. Ní Òkè-Bùkún, ta ló jẹ́ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n pààlè sí? Olè tó ń jí ewúrẹ́ gan-an yóò yà fún un. Aṣọ tán nígbà tó ku igi kan. Ó ní òun yóò mú òmíràn wá lọ́la, ṣùgbọ́n òjò dé, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi dá.

Nígbà tó padà dé ibẹ̀, igi mọ́kànlá ló ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti kó gbogbo gbòǹgbò wọn lọ, ihò tí wọ́n gbẹ́ tó ihò tí wọ́n ń sìnkú sí. Igi kejìlá, tí kò rí aṣọ so mọ́, dúró lọ́ọ̀ọ́kán láàárín igbó, ewé rẹ̀ kan kò já.

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Igi jọra nínú igbó yẹn. Àlejò ìbá wá wọn títí kó tó rí mẹ́ta. Òun ló fi aṣọ ara rẹ̀ júwe wọn. Oyèbánjí mọ ohun tí ààlè jẹ́ dáadáa, ẹ̀rù rẹ̀ ni kò bà á.

"Òmùgọ̀ arúgbó!" ó sọ fún ara rẹ̀. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sunkún.

Ibẹ̀ ni Jethro bá a. Ọ̀gá òyìnbó tó wà lórí àwọn aṣọ́gbó ń bọ̀ wá wo igbó náà lọ́jọ́bọ̀. Bó bá rí ihò mọ́kànlá láìrí ọ̀daràn, iṣẹ́ Jethro bọ́ nìyẹn. Ó ṣa àwọn àkísà náà nílẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Bùnù ló mọ irú ìlà funfun tí Ọ̀ṣunbíyìí máa ń hun sáàárín aró.

"Jethro, o mọ̀ pé èmi kọ́."

"Mo mọ̀, Ìyé." Kò lè wojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí mo ní nìyí."

Wọ́n mú un lọ sí kóòtù ní Kabba. Rhoda, ọmọ rẹ̀ tó bí Fúnmi, tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó kọ́ Rhoda bí wọ́n ṣe ń hú àtà, ó sì júwe ibi tí igi tó kù wà.

Oyèbánjí wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, ó gbé fìlà lé orúnkún.

"Ta ló ni aṣọ yìí?" adájọ́ béèrè.

"Èmi ni mo hun ún."

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí yóò gbà á sílẹ̀. Bí wọ́n bá lọ wo igi tí kò ní ààlè, yóò yé wọn pé olè ló tọ aṣọ lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo èrò kóòtù ni yóò mọ ibi tó wà, kò sì ní pẹ́ tí igi náà yóò fi bá àwọn yòókù lọ. Ó pa ẹnu mọ́. Rhoda kò lè pa á mọ́ra, ó fò dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, igi kan ṣì wà..."

"Jókòó!" Ọ̀ṣunbíyìí kígbe mọ́ ọn, irú igbe tí kò ké mọ́ ọmọ rẹ̀ rí.

Adájọ́ wò ó. "Ṣé igi kan ṣẹ́ kù ni?"

"Kò sí. Gbogbo rẹ̀ ni mo hú."

Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún un. Bí dógarì, ọlọ́pàá ìbílẹ̀, ṣe ń mú un jáde, ó gbọ́ ohùn Oyèbánjí lẹ́nu ọ̀nà, ohùn jẹ́jẹ́ bí ti ẹbí ẹni.

"Ìyá Fúnmi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òkè-Bùkún lèmi náà ń lọ. Ẹ wọ lọ́rì, kí n gbé yín délé."

Rhoda yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣunbíyìí mọ̀ pé ọjọ́ tí egungun bá tún ro Fúnmi, Rhoda yóò gba ìdí igi náà lọ, ọkùnrin yìí yóò sì wà lẹ́yìn rẹ̀.